Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ta pápá bọ́ọ̀lù Wembley ní London fún Shahid Khan?
Rárá o, wọn ò tà á. Mo rí i pé àríyànjiyàn yìí ò tíì tán níbi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ìkòròdú, àmọ́ bó ṣe lọ nìyí.

Ní 2018, Khan, ọmọ Pakistan tó di olówó ní Amẹ́ríkà, tó ni ẹgbẹ́ Fulham, fẹ́ fi 600 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ra pápá náà lọ́wọ́ FA, àjọ bọ́ọ̀lù England. FA fẹ́ fi owó náà tún pápá àdúgbò ṣe. Ìdí gidi nìyẹn lójú tèmi. Ẹ wo àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ lásán lórí iyanrìn, òkúta méjì ni ojú ilé. Kódà, Oníkan, kì í ṣe Ìkòròdú, ni ẹgbẹ́ Ikorodu City ti gbá bọ́ọ̀lù “ilé” wọn ní sáà 2024/25.

Ṣùgbọ́n owó ìjọba wà nínú owó tí wọ́n fi kọ́ Wembley tuntun tí wọ́n ṣí ní 2007, ó tó 161 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ohun tó ká àwọn èèyàn lára nìyẹn: ṣé FA nìkan ló lè tà á? Ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ FA fúnra rẹ̀ ò fara mọ́ ọn. Nígbà tí Khan rí i pé ohùn wọn ò ṣọ̀kan, ó fà sẹ́yìn ní oṣù kẹwàá ọdún náà kí wọ́n tó dìbò. FA ló ṣì ni ín.