Reverb mi ń kùn, tremolo mi ń dún kọ́-kọ́-kọ́: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo to ẹ̀rọ reverb (èyí tó ń mú kí ohùn gìtá pẹ́ bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà) àti tremolo (èyí tó ń mú kí ohùn máa ga kó máa lọ sílẹ̀ lemọ́lemọ́) kan jọ fúnra mi, túùbù ni mo sì lò. Túùbù 12AT7 ló ń ti ohùn wọ táǹkì sípíríǹgì (àpótí irin tí sípíríǹgì reverb wà nínú rẹ̀), 12AX7 kan ń gbà á padà, 12AX7 kejì wà fún tremolo, pẹ̀lú neon (gílóòbù kékeré) àti LDR (rẹsísítọ̀ tí ìdènà rẹ̀ ń dínkù bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án). Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n reverb rẹ̀ kéré bí ohùn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga, ó sì ń kùn. Bí mo bá ṣí i sókè, á bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Tremolo ń dún kọ́-kọ́-kọ́ kódà nígbà tí n kò ta gìtá, bí mo bá sì yí i sí ibi tó lọ́ra, ìgbà mìíràn wà tí kì í bẹ̀rẹ̀ rárá. Mo ti pààrọ̀ gbogbo túùbù, kò sí ìyàtọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹni tó bá to irú ẹ̀rọ yìí jọ tí ohùn sì jáde níbẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Àìsàn tí ẹ kà sílẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni orísun wọn. Ìdí nìyẹn tí túùbù tuntun kò fi ran yín lọ́wọ́: ẹsẹ̀ ló ń dun aláìsàn, oògùn ikọ́ lẹ fún un. Ẹ jẹ́ ká pín ẹ̀rọ náà sí wẹ́wẹ́, ká bi apá kọ̀ọ̀kan léèrè, kí ẹ tó tún jó òjé kankan sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀mí yín ló kọ́kọ́ jẹ mí lógún. Iná inú irú ẹ̀rọ yìí lè wọ 300 V kó kọjá bẹ́ẹ̀, kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ sì ń fi í pamọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Bí kò bá tíì sí níbẹ̀, ẹ jó rẹsísítọ̀ 220 kΩ oní 2 W mọ́ kapásítọ̀ àkọ́kọ́, láti ẹnu rere sí ẹnu òdì, kí ó wà níbẹ̀ títí. Bí kapásítọ̀ náà bá jẹ́ 47 µF, iná inú rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Síbẹ̀, ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ bọ inú rẹ̀, nígbà gbogbo. Bí ẹ bá ní láti wọn nǹkan nígbà tí iná ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ fi wáyà dúdú mítà há ara ṣáásì, kí ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́, kí èkejì wà nínú àpò.

Ó yá, ká mú reverb. 12AT7 ń ti ohùn gba inú tíráńsífọ́mà kékeré kan wọ táǹkì. Níbẹ̀, òòfà kékeré tó wà lẹ́nu sípíríǹgì ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, ìyípo yẹn sì ń rin sípíríǹgì já. Nínú táǹkì gígùn oní sípíríǹgì mẹ́rin, ó ń gbà tó ìdá 33 sí 41 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó dé òdìkejì. Lẹ́yìn náà á tún padà, á máa lọ á máa bọ̀ títí yóò fi kú. Àwọn oníṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi irú sípíríǹgì yìí ṣe àfarawé bí ohùn ṣe ń pẹ́ lórí wáyà tẹlifóònù tó jìnnà. Laurens Hammond mú un wọ inú ọ́gáànù rẹ̀, Fender, iléeṣẹ́ tó ń ṣe gìtá àti áńpù, sì gbé àpótí reverb onítúùbù tirẹ̀ jáde ní 1961.

Àyẹ̀wò tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe kò gba mítà. Ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ ṣí reverb dé ìdajì, kí ẹ fi ìka ta ara táǹkì díẹ̀. Bí sípíkà bá dáhùn pẹ̀lú ariwo gbààà bí àrá, a jẹ́ pé apá tó ń gba ohùn padà yè, apá tó ń ti ohùn wọlé ni kí ẹ dojú kọ. Bí ó bá dákẹ́ tàbí tó kàn ṣe gbì, ẹ wo 12AX7 tó ń gbà á padà àti kébù tó wọ inú rẹ̀.

Pẹ̀lú ohun tí ẹ kọ, mo fura pé táǹkì kò bá ẹ̀rọ yín mu. Ẹ pa iná, ẹ yọ kébù méjèèjì lára táǹkì, kí ẹ wọn ẹnu rẹ̀ lórí Ω. Táǹkì tí 12AT7 àti tíráńsífọ́mà rẹ̀ ń fẹ́ ni èyí tí ìwọlé rẹ̀ jẹ́ 8 Ω tí ìjáde rẹ̀ sì jẹ́ 2250 Ω. Iye wọ̀nyẹn jẹ́ ìdènà fún ohùn; iná tààrà ni mítà ń lò, nítorí náà lórí mítà, ìwọlé á ka nǹkan bí 0.8 Ω péré, ìjáde á ka bí 200 Ω. (Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu wáyà mítà méjèèjì kan ara wọn, kí ẹ yọ iye tó bá kà kúrò.) Ọjọ́ kan wà tí mo fi odidi ọjọ́ wá àìsàn nínú ẹ̀rọ kan: fóòtì pé, túùbù pé, tíráńsífọ́mà pé. Nígbà tí mo wá wọn táǹkì, 58 Ω ni mo bá lẹ́nu ìwọlé. Táǹkì 600 Ω ni, ẹni tó tà á ti lẹ àmì 8 Ω mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, n kì í gba ohun tí wọ́n kọ sára táǹkì gbọ́ títí mítà á fi jẹ́rìí sí i.

Bí táǹkì bá pé, ẹ wọn fóòtì lórí cathode 12AT7 (apá túùbù tí ẹ̀lẹ́ktíróònù ti ń jáde). Bí rẹsísítọ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ 2.2 kΩ tí ẹ sì rí 8 sí 9 V, túùbù ń mu nǹkan bí 4 mA, ara rẹ̀ le. Bí ẹ bá rí òdo, túùbù kò ṣiṣẹ́ rárá: ẹ wò ó bóyá iná ń dé plate (apá túùbù tó ń gba ẹ̀lẹ́ktíróònù náà), nítorí inú tíráńsífọ́mà yẹn ló ń gbà kọjá, wáyà tó wà nínú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́, ó lè já.

Ní ti kíkùn, ẹ yọ kébù tó ń ti táǹkì bọ̀. Bí kíkùn náà bá dákẹ́, ohùn náà ń wọlé láti ara táǹkì. Ẹ dá kébù padà, ẹ tú ìṣó táǹkì, kí ẹ gbé e lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí iná, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa gbọ́ bí kíkùn náà ṣe ń ga tó ń lọ sílẹ̀, ibì kan á sì wà tí á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Tíráńsífọ́mà iná ló ń fi òòfà rẹ̀ kan ẹnu ìjáde táǹkì. Ẹ gbé ẹnu ìjáde yẹn jìnnà sí i bí ẹ bá ti lè gbé e tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo éàtì: nínú irú táǹkì yìí, ìjáde nìkan ló sábà ń kan ara irin rẹ̀. Bí ìwọlé náà bá tún kan irin, éàtì ti di òrùka, á sì máa kùn títí.

Híhu náà kò ṣòro púpọ̀. Sípíkà ló ń mi sípíríǹgì, sípíríǹgì ń dá ohùn padà fún sípíkà, wọn ò sì ní jáwọ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ kúrò lórí áńpù, ẹ fi fóòmù sábẹ́ táǹkì, kí ojú rẹ̀ tó ṣí dojú kọ ilẹ̀. Bí ó bá ṣì ń hu nígbà tí ẹ gbé e jìnnà, ẹ ya wáyà tó ń lọ sí táǹkì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń bọ̀.

Tremolo ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ojú lè rí i. (Bí wọ́n bá kọ «vibrato» sórí àwòrán tí ẹ fi ṣe é, ẹ má ṣe jẹ́ kó dà yín láàmú, Fender ló sọ tremolo rẹ̀ lórúkọ bẹ́ẹ̀.) Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ wo ẹnu ike dúdú tó bo neon. Bí iná pupa náà bá ń ṣẹ́jú ṣùgbọ́n tí ohùn kò gbọ̀n, LDR ló kú, tàbí fọ́líùmù tó ń darí ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ rí i pé ike náà dí dáadáa: bí ìmọ́lẹ̀ yàrá bá kan LDR, agbára rẹ̀ láti dènà ohùn á sọnù, ohùn á sì máa rọ̀ kódà nígbà tí tremolo wà ní pípa.

Kọ́-kọ́-kọ́ yẹn ń wá láti ara neon fúnra rẹ̀. Kì í tàn díẹ̀díẹ̀. Ṣe ló ń bẹ́ sórí iná lójijì, ìbẹ́sókè yẹn sì ń fò láti ara wáyà kan dé òmíràn. Ẹ fi igi gbígbẹ, kì í ṣe irin, máa ti wáyà tremolo sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì tẹ́tí. Ẹ máa rí wáyà kan tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti sún un bí ìbú ìka méjì kúrò lẹ́bàá grid (ibi tí ohùn ń gbà wọ túùbù), ariwo náà á lọ. Bí kò bá lọ tán, ẹ fún tremolo ní rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ tirẹ̀ lórí ọ̀nà iná, kí ó má bá reverb pín ẹyọ kan.

Àìbẹ̀rẹ̀ ní ìlọ́ra ló kù. Kapásítọ̀ mẹ́ta àti rẹsísítọ̀ wọn ló ń yí ohùn padà sí grid, ohùn sì ń dínkù bó ṣe ń gba inú wọn kọjá. Nínú ìṣirò, bí apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, túùbù gbọ́dọ̀ sọ ohùn di ìlọ́po 29 kí ó tó lè máa yí fúnra rẹ̀. Nínú iṣẹ́ gan-an, ó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kapásítọ̀ 25 µF tó wà lórí cathode ló ń jẹ́ kí túùbù ní agbára tó pọ̀. Bí ó bá ti gbẹ, agbára túùbù á dínkù, ibi tó lọ́ra ló sì ti máa ń kọ́kọ́ hàn, torí pé bí ohùn bá ṣe lọ́ra tó ni kapásítọ̀ kékeré ṣe ń dènà rẹ̀ tó. Ẹ pa iná, ẹ dúró kí fóòtì tán, kí ẹ jó 25 µF tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kí ẹnu rere rẹ̀ wà níhà cathode, kí ẹ sì tún tan án. Bí neon bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú ní ìlọ́ra, ẹ yọ ti àtijọ́ dànù. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wọn fóòtì iná tààrà (DC) lórí grid: ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Bí ẹ bá rí fóòtì rere níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kapásítọ̀ wọ̀nyẹn máa jò, èyí tó sún mọ́ plate jù ni kí ẹ sì kọ́kọ́ pààrọ̀.