Ṣé A Lè Gbé Ṣọ́ọ̀kì àti Ẹsẹ̀ Ìgbàlódé Sára Alùpùpù Àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú abala ẹ̀rọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá. Bàbá mi fi alùpùpù Honda CB750 kan sílẹ̀ fún mi, èyí tí wọ́n rà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1975, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sílé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ bíréèkì iwájú, orí rẹ̀ á rì wálẹ̀, síbẹ̀ kì í tètè dúró. Mo ti rí ṣọ́ọ̀kì iwájú, ẹsẹ̀ méjèèjì (rímù àti táyà wọn) àti bíréèkì Suzuki GSX-R750 kan tó jẹ́ tòkunbọ̀, mo sì fẹ́ gbé gbogbo wọn sára Honda yìí. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní kí n má ṣèyọnu, pé òun yóò gé ọ̀pá àárín ti Suzuki, òun yóò sì jó ti Honda mọ́ ọn. Ọkàn mi kò balẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i?
Òǹkàwé yín, láti Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Kí ọkàn yín má balẹ̀ rárá. Ọ̀pá àárín yẹn nìkan ló so gbogbo iwájú alùpùpù mọ́ férémù, bó bá sì já lórí eré, kò sí ohun tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ lè ṣe mọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kì í ṣe èèwọ̀ o; ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbé iwájú GSX-R sára CB750 lókè òkun, tí wọ́n sì ń gùn ún káàkiri. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tó mọ nǹkan wọ̀n ni, kì í ṣe iṣẹ́ jórinjórin.

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó ní òun yóò dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o wò. Ti alùpùpù náà, ọrùn ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹ fojú inú fa ìlà kan gba àárín ọrùn férémù, ìyẹn ihò tí ọ̀pá àárín gbà kọjá, lọ títí yóò fi kanlẹ̀. Iwájú ibi tí táyà ti tẹ ilẹ̀ ni ìlà náà yóò ti kanlẹ̀, àlàfo tó sì wà láàárín ibi méjèèjì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní trail. Òun ló ń mú kí táyà iwájú máa wọ́ tẹ̀ lé ọrùn, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ kéékèèké abẹ́ kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ṣe máa ń yí ara wọn síbi tí a bá ń tì í lọ. Bó bá kéré jù, alùpùpù á máa gbọ̀n lórí eré. Bó bá pọ̀ jù, á wúwo láti yí ní kọ̀nà.

Nígbà tí Honda ṣe CB750 jáde lọ́dún 1969, mílímítà 95 ni wọ́n fi àlàfo yìí sí, ọrùn rẹ̀ sì dà sẹ́yìn ní ìwọ̀n dígírì 27. Táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ 3.25-19, tí ó túmọ̀ sí pé láti àárín ásìlì dé ilẹ̀ yóò tó nǹkan bíi mílímítà 325. Táyà 120/70-17 tó wà lẹ́sẹ̀ Suzuki kò ju nǹkan bíi 300 lọ. Nípa ẹsẹ̀ nìkan, iwájú ti lọ sílẹ̀ ní mílímítà 25 kí a tó dé orí ṣọ́ọ̀kì tuntun, tí òun náà sábà máa ń kúrú ju ti àtijọ́ lọ. Ká ní gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ mílímítà 50, ọrùn tó dà sẹ́yìn ní dígírì 27 yóò nà ró sí bíi 25.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Irin méjì tó di ṣọ́ọ̀kì mú, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ní àlàfo tirẹ̀ láàárín ọ̀pá àárín àti ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ti Honda yín tó nǹkan bíi mílímítà 60, nígbà tí ti alùpùpù eléré ìgbàlódé sábà máa ń wà láàárín 25 sí 35. Bí ẹ bá fi irin ìdìmú Honda sílẹ̀, tí ẹ wá fi ẹsẹ̀ kékeré àti ṣọ́ọ̀kì kúkúrú sí i, mo ṣírò rẹ̀, trail yóò já láti 95 sí bíi 70 tàbí díẹ̀ sí i. Èmi kò ní gun irú rẹ̀ lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé irin ìdìmú Suzuki pẹ̀lú, tí àlàfo rẹ̀ sì jẹ́ 30, yóò dúró sí nǹkan bíi 107, èyí tó fara balẹ̀ dáadáa. Nítorí náà ara alùpùpù kan ṣoṣo ni kí ṣọ́ọ̀kì, irin ìdìmú, ásìlì, ẹsẹ̀, kálípà (ohun tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) àti másítà bíréèkì ti wá. Ẹni tó bá ń ra ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò náwó lórí búùṣì, òrùka irin tí a fi ń dí àlàfo, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ní ti ọ̀pá àárín, ọ̀nà méjì ló wà láìsí iná jórinjórin. Àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fi ọ̀pá Suzuki sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá bẹ́ríìnì onírólà tí ìta rẹ̀ bá ọrùn Honda mu, tí inú rẹ̀ sì bá ọ̀pá Suzuki mu, bí gígùn ọ̀pá náà bá ti gbà. Èkejì ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ ti ọ̀pá Suzuki jáde nínú irin ìdìmú ìsàlẹ̀, kí ẹni tó ń fi lẹ́ẹ̀tì gé irin wá ṣe ọ̀pá tuntun tí yóò fún pinpin níbẹ̀. Irin ìdìmú yẹn jẹ́ alumíníọ́mù, ọ̀pá Honda sì jẹ́ irin. Ẹni tó bá ní òun yóò jó méjèèjì pọ̀ kò tíì mọ ohun tó ń sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì kí ẹ rí i pé ṣọ́ọ̀kì kò gbá táǹkì, kí ẹ sì ṣe ìdádúró tó lágbára sí ọrùn, tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yí kọjá ààlà. Ẹ rántí pé sálẹ́ńsà mẹ́rin ló wà lábẹ́ Honda yín. Bí iwájú bá lọ sílẹ̀, wọn yóò máa ha ilẹ̀ ní kọ̀nà. Wáyà tó ń gbé mítà eré láti ẹsẹ̀ iwájú kò sì ní ríbi dì mú mọ́, mítà oníná ni ẹ ó rà.

Ẹ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Suzuki sílẹ̀ ní tirẹ̀. Táyà gbàgẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kò ní wọ àárín irin ẹ̀yìn Honda láìgbá ṣéènì. Họ́ọ̀bù àtijọ́ pẹ̀lú rímù alumíníọ́mù 18 àti sípókù tuntun ti tó, kí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣáà jẹ́ irú kan náà: kí ọ̀kan má jẹ́ radial, irú táyà ìgbàlódé, kí èkejì jẹ́ ti ayé àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìgbà wo ni wọ́n tú ṣọ́ọ̀kì yẹn kẹ́yìn? Sípíríǹgì tó ti rẹ̀ àti epo tó ti di omi ló ń mú kí orí rì bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Apá tó gbé kálípà CB750 náà máa ń dógùn-ún mọ́ orí ìṣó rẹ̀, kì í wá jẹ́ kí páàdì méjèèjì tẹ dísìkì bó ṣe yẹ, okùn rọ́bà ọjọ́ pípẹ́ yóò sì tún máa wú dípò kó ti epo lọ. Ẹ fọ kálípà náà, ẹ pààrọ̀ okùn, ẹ fi sípíríǹgì àti epo tuntun sínú ṣọ́ọ̀kì, ẹ fi bẹ́ríìnì onírólà tuntun sí ọrùn, kí ẹ tún un gùn fún oṣù kan. Bó bá jẹ́ tèmi ni, ibẹ̀ ni mo máa dúró sí, torí alùpùpù bàbá ẹni ni.

ÌBÉÈRÈ: Honda CG125 ni mo ní. Ṣé mo lè fi ẹsẹ̀ aláyì rọ́pò ti sípókù?
Òǹkàwé, láti Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, kò sì le, nítorí pé àwọn alùpùpù ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n fi CG ṣe àwòkọ́ṣe pọ̀, ẹsẹ̀ aláyì wọn sì wà lọ́jà. Ẹ ṣáà wọ̀n ásìlì, kí ẹ sì rí i pé sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn bá ti iwájú gún régé. Bó bá jẹ́ ọ̀nà oníkòtò lẹ ń gbà lójoojúmọ́, ẹ rò ó dáadáa, nítorí rímù onísípókù tó bá tẹ̀ ṣeé fà tọ́, ṣùgbọ́n aláyì tó bá ti sán, ẹ jù ú nù. Bí ihò inú rẹ̀ bá sì fẹ̀ ju ásìlì yín lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé búùṣì sí i. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi páànù wé ásìlì fún yín.