Ilẹ̀ ọmọ mi tó wà ní London

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi tó wà ní London fẹ́ kí n bá òun ta ilẹ̀ òun ní Mọ́nátàn. Ó kọ ìwé pé òun fún mi láṣẹ, ó fọwọ́ sí i, ó yà á ní fọ́tò sí fóònù mi. Ẹni tó fẹ́ rà á ní àfi kí nótárì, ìyẹn ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, lu òǹtẹ̀ sí i. Ṣé kò kàn fẹ́ dá mi lágara ni? — Ìyá kan, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má bínú sí i. Owó rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, abala 150 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní kí adájọ́ gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ gbọ́ bí nótárì tàbí aṣojú ìjọba Nàìjíríà bá ti jẹ́rìí sí i.

Kí ọmọ yín tẹ ìwé mìíràn, kó mú páásípọ́ọ̀tù dání, kó má sì fọwọ́ sí i títí yóò fi dé iwájú nótárì. Ọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá sórí tábìlì mi rí, yíǹkì ti gbẹ, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló fọwọ́ sí i, kí n ṣáà lu òǹtẹ̀ pupa. Mi ò lù ú. Ojú mi ò rí ẹ̀gbọ́n! Ìwé gan-an ni kí ọmọ yín fi ránṣẹ́ o, kì í ṣe fọ́tò.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ló ń fẹ́ nótárì o. Àdéhùn onílé àti ayálégbé ò nílò rẹ̀. Ìwé ìpíngún, ẹlẹ́rìí méjì tó jókòó pọ̀ ló ń fẹ́. Bí káàdì ìdánimọ̀ yín bá sọnù, kóòtù ni ẹ ó ti búra pé ó sọnù.