Mo ra odídẹrẹ́, mo sì ti kábàámọ̀: ṣé kí n tú u sílẹ̀ ni?

Ìbéèrè: Àsàlámù àláékúm, Àáfà wa. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, ojú sì ń tì mí díẹ̀ láti bèèrè rẹ̀. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ra odídẹrẹ́ kan. Mo gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi, ni ọkàn mi bá fà sí i. Ẹni náà ní ẹyẹ jẹ́jẹ́ ni, pé kì í bu èèyàn jẹ. Ọjọ́ kejì tó délé ló bu ọmọ mi jẹ níka. Láti ìgbà náà, bí a bá ti ń múra ìrun Àsùbáà ni yóò ti máa han gooro, tí ará ilé kejì yóò máa kanlẹ̀kùn. Mo wá ń fi aṣọ dúdú bo àgò rẹ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà mìíràn, mo máa ń dá oúnjẹ rẹ̀ dúró kó lè dákẹ́. Ní báyìí, ó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ àyà rẹ̀, awọ ara rẹ̀ ti hàn. Ìyá àwọn ọmọ mi ní kí n gbé e kúrò. Àna mi ní kí n pa á jẹ. Èmi rò ó pé kí n tú u sílẹ̀ sínú igbó, bóyá mo lè rí làádá níbẹ̀. Ṣé mo ṣẹ̀ nípa rírà á? Ṣé dandan ni kí ẹni tó tà á gbà á padà? Ṣé ìrun wa dára nínú yàrá tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń ta sí? Ó sì ti kọ́ sálámà lẹ́nu mi. Ṣé mo gbọ́dọ̀ máa dá a lóhùn?

Ìdáhùn: Wa aláékúmú salám wa ráhmátúlláhì. Ẹ má tijú rárá, abèèrè kì í ṣìnà. Àmọ́ ibi tí ẹ kàn mẹ́nu bà gẹ́rẹ́ tí ẹ sì fò kọjá ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ló ká mi lára jù: aṣọ dúdú títí di ọ̀sán, àti oúnjẹ tí ẹ ń dá dúró. Ẹ jáwọ́ nínú méjèèjì kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹ lọ ká aṣọ náà kúrò, ẹ bu oúnjẹ àti omi tuntun sí i, kí ẹ wá padà.

Ẹ ti dé? Ó dáa.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wọ inú ọgbà ará Ànsárì kan lọ́jọ́ kan. Ràkúnmí kan wà níbẹ̀. Bí ó ti fojú kan Ànábì ló bú sẹ́kún, tí omi ń dà lójú rẹ̀. Ànábì lọ bá a, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn etí títí ó fi dákẹ́. Ó bèèrè ẹni tó ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì jáde. Ànábì ní, “Ṣé o ò bẹ̀rù Ọlọ́hun nípa ẹranko tí Ó fi sí ìkáwọ́ rẹ ni? Ó fi ẹjọ́ rẹ sùn mí pé ò ń febi pa òun, o sì ń lo òun nílòkulò.” Abu Dawud, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíìsì jọ sínú ìwé, ló gba hádíìsì yìí wá. Ẹ kíyè sí i: Ànábì kò bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí pé ó ní ràkúnmí. Bó ṣe ń ṣe é ló bá a wí sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiyín wà. Àbámọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ta ni kì í kábàámọ̀ ọjà? Ṣùgbọ́n ohun tí àbámọ̀ máa ń gbé dání ló léwu. Nígbà tí ohun kan bá ti sú èèyàn, kò ní í mọ ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ pè é wá, òun kọ́ ló tọ̀ yín wá. Títí tí ẹ ó fi fà á lé ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́, àmánà ni lọ́rùn yín, bó wù yín, bí kò wù yín.

Igbe tó ń ké ní Àsùbáà yẹn pàápàá, bí Ọlọ́hun ṣe dá a ni. Nínú igbó, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni àwọn odídẹrẹ́ máa ń ké pe ara wọn. Ọlọ́hun Ọba sọ nínú Súrà Núúrù, ẹsẹ 41, pé àwọn ẹyẹ tó na ìyẹ́ apá wọn ń ṣe àfọ̀mọ́ fún Òun, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló mọ ìrun rẹ̀ àti àfọ̀mọ́ rẹ̀. Èmi kò sọ pé igbe yẹn dùn létí o. Mo kàn ń sọ pé kò bá yín jà. Ẹyẹ tó jẹ́ pé agbo ńlá ló ń bá rìn, ẹ wá fi òun nìkan sínú òkùnkùn, ta ni kó pè? Ohun tí àwọn dókítà ẹranko sì mọ̀ nípa odídẹrẹ́ tó ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀ ni pé àìsàn lè fà á, ìdánìkanwà àti ìnira ọkàn náà lè fà á. Ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹranko. Ẹ lè fi aṣọ bò ó lóru kó lè sùn, ìyẹn kò burú. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ máa kiwọ́ bọ àgò, àgógó ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré.

Ní ti rírà á, ẹ kò ṣẹ̀. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ní àbúrò kan tí wọ́n ń pè ní Abu Umayr, ọmọdé ni, ó ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, tí ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì, Ànábì bá a ṣàwàdà pé, “Abu Umayr, kí ni ẹyẹ kékeré náà ṣe?” Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim. Àwọn onímímọ̀ fi ṣe ẹ̀rí pé ó tọ́ láti sin ẹyẹ sílé, bí wọ́n bá ń fún un lóúnjẹ àti omi, tí wọn kò sì fìyà jẹ ẹ́. Ká ní àkekèé tàbí ejò lẹ rà ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, nítorí Ànábì pàṣẹ pé kí a pa wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ títú sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn rere ti ń ṣìnà. Ẹ mọ hádíìsì obìnrin tó wọ iná nítorí olóńgbò, èyí tí Ibn Umar gbà wá. Ó tì í mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó jáde lọ jẹ nínú kòkòrò ilẹ̀. Ẹ ó sọ pé, “Àáfà, ẹ̀rí mi nìyẹn, kí n jẹ́ kó jáde.” Rárá. Olóńgbò mọ ọdẹ ṣe. Ẹyẹ tó dàgbà sínú àgò, tí àwo ni oúnjẹ ti ń bá a, tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gé ìyẹ́ apá rẹ̀, kò mọ èso tó ṣeé jẹ nínú igbó, kò sì mọ bí a ṣe ń sá fún àṣá. Ẹ tú irú ẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa á ni, ẹ kàn rán ẹlòmíràn níṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni. Làádá wo ló wà níbẹ̀? Àwọn onímímọ̀ kan tilẹ̀ fi ẹni tó dédé tú ẹyẹ tó ti di tirẹ̀ sílẹ̀ wé àwọn ará ìgbà àìmọ̀kan tí wọ́n ń dá ẹran sílẹ̀ lómìnira, tí wọ́n pè é ní sáyíbà. Ọlọ́hun ta ko ìyẹn nínú Súrà Máídà, ẹsẹ 103.

Àna yín ńkọ́? Lójú ìlànà Imam Malik, ẹran odídẹrẹ́ kì í ṣe hàráámù, nítorí náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa ẹyẹ láìnídìí, Ọlọ́hun yóò bi í léèrè; Nasa'i gba hádíìsì rẹ̀ wá, Ànábì sì ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹyẹ náà ni kí a dúńbú rẹ̀ kí a sì jẹ ẹ́, kì í ṣe kí a gé e lórí kí a sì jù ú nù. Ẹ bi ara yín bóyá ebi ẹran ń pa yín ni àbí ariwo ló sú yín. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á ló kù. Bó bá mọ̀ pé ẹyẹ yìí ń buni jẹ, tó sì ní kì í buni jẹ, ó tan yín ni. Ànábì ní kò tọ́ fún Mùsùlùmí láti ta ohun tó ní àléébù fún arákùnrin rẹ̀ láìṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti dá irú ọjà bẹ́ẹ̀ padà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ọjọ́ kejì lẹ ti mọ àléébù yìí, ẹ wá fi oṣù márùn-ún dákẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Màlíkì, ẹni tó mọ àléébù tó sì dákẹ́ láìní àwáwí ti fara mọ́ ọjà rẹ̀. Ẹ kò lè fi dandan mú un mọ́. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì rán an létí hádíìsì Abu Dawud pé ẹni tó bá gba ọjà padà lọ́wọ́ Mùsùlùmí tó kábàámọ̀, Ọlọ́hun yóò fojú fo àṣìṣe rẹ̀. Àwọn onímímọ̀ ń pè é ní ìkáàlà. Inúure ni, kì í ṣe gbèsè.

Bó bá kọ̀, ẹ wá ẹlòmíràn: ẹni tó ti sin irú ẹyẹ yìí rí, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko. Ẹ tà á tàbí ẹ fi í tọrẹ, èyíkéyìí. Kìkì pé ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe fún un bí wọ́n ṣe ṣe fún yín. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀: ó ń buni jẹ, ó ń pariwo ní ìdájí, ó ń tu ìyẹ́ ara rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé odídẹrẹ́ lè lo 40 sí 60 ọdún láyé, kó má rò pé ti ọdún méjì ni. Ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ lè pẹ́ láyé jù ú lọ, ó yẹ kó kọ ọ́ sínú wàsíyyà (ìwé ìhágún) rẹ̀.

Ẹ tún wádìí òfin orílẹ̀-èdè yín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn odídẹrẹ́ tó wà lọ́jà ni wọ́n fi àtè mú nínú igbó. Láti ọdún 2017 ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòfin de kí wọ́n máa ta odídẹrẹ́ aláwọ̀ eérú tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹsẹ àkọ́kọ́ nínú Súrà Máídà yẹn náà ló ní kí àwa onígbàgbọ́ máa mú àdéhùn ṣẹ.

Ìrun yín dára. Lọ́dọ̀ Imam Malik, ìgbẹ́ ẹyẹ tó ṣeé jẹ, tí kì í jẹ ẹ̀gbin, mọ́. Àwọn tó ń tọ ìlànà Imam Shafi'i kà á sí ẹ̀gbin, nítorí náà bí ẹ bá gbé àgò náà jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń kírun, kò sí ẹni tó máa bá yín jiyàn. Ilé tí ajá tàbí àwòrán bá wà ni hádíìsì ní àwọn máláíkà kì í wọ̀, kò sọ ti ẹyẹ.

Sálámà rẹ̀? Rárá, kò di dandan kí ẹ dáhùn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ ohun tó ń sọ ni sálámà ti ń wá. Ohùn yín ló ń dá padà fún yín. Àwọn onímímọ̀ Hánáfì tilẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí ẹyẹ tó ka ẹsẹ tí a ń forí kanlẹ̀ fún, wọ́n ní kò sọ ìforíkanlẹ̀ náà di dandan fún ẹni tó gbọ́ ọ. Bí àwọn ọmọ bá ń dá a lóhùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó bá máa gbà á pé ohùn yín ni yóò máa gbọ́ nínú ilé rẹ̀, kó má baà máa wá àlejò kiri ní ìdájí.