Èsì: Ọgbà ìgbà díẹ̀ fún ẹ̀yìnkùlé ní Ṣágámù

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa. Ẹ ní owó búlọ́ọ̀kù kò tíì pé, àwọn tó ń kọjá sì ń wo ẹ̀yìnkùlé yín ní Ṣágámù láìfi nǹkan kan pè. Ọparun ni mo fi ṣe ọgbà tèmi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí tó ti gbó ni kí ẹ ní kí wọ́n gé, nítorí pé kòkòrò kì í pẹ́ sọ èyí tí kò gbó di lẹ́búlẹ́bú.

Òpó ló gba ìrònú jù, nítorí pé ìdí rẹ̀ ni ikán ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ẹ fi igi akòko tútù ṣe é, kí ẹ rì í tó ẹsẹ̀ bàtà 2; yóò ta gbòǹgbò, ikán kì í sì í sáàbà jẹ igi tó yè. Wáyà ni kí ẹ fi so ọparun mọ́ ọn, kí ẹ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Tapólì ni mo kọ́kọ́ ta. Ìjì kan gbé e lóru, ó fà á tòun tòpó lé ebè ewédú mi lórí.

Ní ti géètì, férémù pákó tó, pẹ̀lú igi ìdábùú kan tó gbéra láti ìsàlẹ̀ níbi tí géètì ti so mọ́ òpó, tó sì dé òkè ní apá kejì, kí ó má baà wọ́lẹ̀. Táyà àlòkù tí ẹ gé pẹlẹbẹ, tí ẹ kan apá kan rẹ̀ mọ́ òpó, tí ẹ kan apá kejì mọ́ géètì, yóò jẹ́ kí géètì máa ṣí, kó sì máa tì dáadáa.