Èsì: Kí ìlú lè ran àlejò tí kò níwèé lọ́wọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé kí ni ìlú lè ṣe fún ogúnléndé àtàwọn àlejò tí kò níwèé, nígbà tó jẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Ó pọ̀ o! Láti 2015 ni New York ti ń fún ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ ní káàdì ìdánimọ̀ láì bi í ní ìwé ìgbélùú.

L'Adó-Èkìtì níbí, ọmọ Tógò kan tó ń bá wa po sìmẹ́ǹtì fi ẹsẹ̀ gbọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti gan mọ́ àkísà tó fi dì í kó tó gbà ká gbé òun lọ sílé ìwòsàn. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún un ní ọjọ́ 90 láì gba físà. Tirẹ̀ ti kọjá, ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù. Kí kánsù kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn pé àwọn kì í béèrè ìwé.