Ṣé mo lè fún ológbò mi ní Panadol bí ara rẹ̀ bá gbóná?

Rárá, ẹ má ṣe fún ológbò ní Panadol tàbí paracetamol mìíràn, nítorí hóró 500 mg kan ṣoṣo lè pa á. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè pa oògùn yìí dà bíi ti ènìyàn; májèlé tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ló ń dà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara dáadáa mọ́.

Bí ó bá ti gbé e mì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú páálí oògùn náà dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró títí èrìgì rẹ̀ yóò fi ṣú, tí ojú rẹ̀ yóò wú, tí yóò máa mí hẹlẹ. Oògùn apamájèlé kan tó ń jẹ́ acetylcysteine ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ti ajá, dókítà ẹranko lè wọn ìwọ̀nba paracetamol fún un; ẹ má dá a lò fúnra yín.